IṢẸ́ TÍ WỌ́N RÁN NI: Ọ̀RỌ̀ ẸNU ÀTI ÌBÁṢEPỌ̀ NÍNÚ ÒWÒ WA

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ẹgbẹ́ wa

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ìròyìn owó ni wọ́n fẹ́. Akápò ní òun ni yóò ka ìyẹn, kí n lọ wá ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe ẹgbẹ́ láǹfààní. Mo ronú títí. Mo wá rí i pé ohun kan wà tó gbé ẹgbẹ́ yìí dé ibi tó dé, òun kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú u ká nígbà kan. Kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni: bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, àti bí a ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Àwa ará Agége yẹ kí a mọ ìtumọ̀ obì ju ẹlòmíràn lọ. Obì wà lára ohun tó sọ ibí di ìlú òwò, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ búrẹ́dì Agége. Wọ́n ṣí ọ̀nà ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Nígbà tí irin náà tẹ̀ síwájú tó wọ ilẹ̀ Haúsá, obì gbànja Agége ń bá a lọ. Ẹni tó ń tà ń sọ Yorùbá, ẹni tó ń rà ń sọ Haúsá. Kí ló wà láàárín wọn? Ìgbẹ́kẹ̀lé ni, àti ẹni tó lè jíṣẹ́ fún tọ̀tún-tòsì láì bù ú kù. Ọ̀rọ̀ jíjíṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

ÌYÁ TÍ KÒ MỌ̀WÉ, TÍ ÌJỌBA Ń GBỌ́ Ọ̀RỌ̀ RẸ̀

Kí n tó sọ tiwa, ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá kan tó ti ṣáájú wa lọ. Alimotu Pelewura lorúkọ rẹ̀. Ẹja ló ń tà ní ọjà Eréko lórí Erékùṣù Èkó. Kò lọ sílé ìwé, kò lè ka lẹ́tà tí ìjọba òyìnbó ń kọ. Síbẹ̀, lọ́dún 1910, Ọba Èṣùgbàyí Elékòó fi í joyè. Nígbà tó di ọdún 1932, ó ti jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Ìlú gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn obìnrin ọjà. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó títí tó fi kú lọ́dún 1951.

Báwo ni ẹni tí kò mọ̀wé ṣe ń bá ìjọba tí kò gbọ́ Yorùbá sọ̀rọ̀? Ó ní ènìyàn ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ọjà ti ń bá Herbert Macaulay ṣe pọ̀. Wọ́n ń tì í lẹ́yìn nínú ìṣèlú, òun náà sì ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ wọn dé inú ìwé ìròyìn àti ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn tó mọ̀wé ń bá wọn kọ lẹ́tà, àwọn ìyá á tẹ̀ka sí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọjọ́ ìpọ́njú ń bọ̀.

Lọ́dún 1940, nígbà ogun Hitler, ìjọba ṣe òfin pé obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju pọ́n-ùn 50 lọ lọ́dún yóò máa san owó orí. Àwọn ìyá ní èèwọ̀, a ò gbọ́ irú rẹ̀ rí l'Ékòó. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà òyìnbó, wọ́n fi ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ka sí ránṣẹ́, wọ́n sì ti ọjà pa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba gbé e láti pọ́n-ùn 50 dé pọ́n-ùn 200. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ mọ̀ pé obìnrin ọjà tó ń rí pọ́n-ùn 200 lọ́dún nígbà náà kò pọ̀. Àwọn tálákà bọ́.

Kò pẹ́ ni ti Pullen dé. Captain Pullen ni òyìnbó tí ìjọba fi ṣe alábòójútó oúnjẹ lásìkò ogun. Láti ọdún 1941 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn. Iye tí wọ́n ní kí a tà á l'Ékòó kò tó iye tí àwọn ìyá fi ń rà á lóko, tí a bá ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ẹjọ́ ni. Ta ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó dá iye yẹn? Wọn kò bi àwọn tó ń tà á. Nígbà tí ọ̀ràn náà le, wọ́n fi pọ́n-ùn 100 lóṣù lọ Pelewura pé kó bá àwọn mú òfin náà ṣẹ. Ó kọ̀ ọ́. Ó jẹ́ kó yé wọn pé kò sí iye tí òun lè gbà láti fi ebi pa ìlú tí wọ́n bí òun sí. Wọ́n fà á títí di ọdún 1945 kí ìjọba tó gbé ọwọ́ kúrò lórí iye oúnjẹ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun méjì ni mo rí kọ́ lára ìyá yìí. Èkíní, kò dúró di ọjọ́ tí wàhálà dé kó tó máa wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bára wọn ṣe kí owó orí tó dé. Èkejì, ó mọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Òwe wa ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Pullen kọ́ ló rán an, àwọn ìyá tó jókòó ti ìsọ̀ ló rán an. Bó bá gba pọ́n-ùn 100 yẹn, ẹnu rẹ̀ á di títà, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá kò sì ní dé ibi tó ń lọ mọ́.

Ẹ tún wo ti Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin tó kàwé ló wà nínú ẹgbẹ́ Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin níṣẹ́ ilé, tí wọ́n ń ṣe ìnáwó. Ní ọdún 1944, obìnrin ọjà kan fẹ́ mọ̀wé kà. Wọ́n ṣí kíláàsì fún àwọn ìyá. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ABD ni àwọn ìyá ti ráyè sọ pé wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ní owó tí kò tó nǹkan. Ẹ ẹ̀ rí i? Ìlú kan náà ni gbogbo wọn ń gbé látọjọ́ yìí, àwọn olówó kò mọ̀, torí wọn kì í jókòó pọ̀. Ìyá Ransome-Kuti bọ́ gáùnù sílẹ̀, ó ró ìró, ó ń sọ Yorùbá ní mítìn kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Gbogbo wa la mọ ibi tó já sí: owó orí obìnrin dópin, Aláké Adémọ́lá Kejì sì sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949, kó tó padà lọ́dún 1950. Etí ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ.

Ẹ̀BI TÈMI

Ó rọrùn láti sọ ti àwọn tó ti kú. Ẹ jẹ́ n wá sọ tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ tipẹ́, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Mo ti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá tí ọ̀rọ̀ kàn kí n tó sọ ọ́ ní gbangba. Ó ní kí n sọ ọ́, àmọ́ kí n má dárúkọ òun. Ó jókòó síbí, ó ń gbọ́ mi.

Ó tó ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Lẹ́tà kan dé láti ọ́fíìsì kan. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi ni wọ́n sì gbé e fún torí èmi ni akọ̀wé. Ó ní wọ́n fẹ́ gbẹ́ gọ́tà níwájú ìsọ̀ tó kọjú sí títì. Ó ní kí a kó tábìlì, àtíbàbà àti ọjà tó bá ti yọ síta kúrò kó tó di ọjọ́ Túsìdeè kan, ó dárúkọ ọjọ́ náà. Ó ní ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀, àwọn yóò kó o.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè la ṣe mítìn. Ọ̀rọ̀ owó yíyá dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ yá, ta ni kò yẹ. A pariwo títí ọjọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀. Nígbà tó kàn mí, àwọn ènìyàn ti ń wé gèlè wọn, ọ̀pọ̀ ti dìde. Mo ka lẹ́tà náà bí ẹni tí iná ń jó. Mo wá túmọ̀ rẹ̀ báyìí pé: "Wọ́n ní ká tún iwájú ìsọ̀ wa ṣe o, wọ́n fẹ́ gbẹ́ gọ́tà." Ó tán. N kò dárúkọ ọjọ́. N kò sọ pé wọn yóò kó ọjà.

Kí ló dé? Ẹ̀rù ariwo ló bà mí. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ tán, ìjà mìíràn ni. Mo fi òwe tu ara mi nínú pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi jẹ́ tọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ fún yín, mo ti wo òwe yẹn wò dáadáa láti ìgbà náà. Ó ní ká fi ohùn ọmọlúàbí jíṣẹ́, ká má fi ìwọ̀sí jẹ́ ẹ. Kò ní ká gé ìdajì rẹ̀ sọnù. Èyí tí mo gé sọnù yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Ìyá kan wà ní ìlà àkọ́kọ́, gàrí ló ń tà. Kò wá sí mítìn torí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù. Mo kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdeè. Mo tún kọjá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo kí i, mo béèrè ọmọ, mo ní Ọlọ́run á wò ó sàn. N kò sọ ti lẹ́tà. Mo rò pé aládùúgbò rẹ̀ ti sọ fún un. Aládùúgbò rẹ̀ rò pé èmi ti sọ.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Túsìdeè, lọ́rì dé. Wọ́n kó àpò gàrí mẹ́fà, tábìlì àti àǹbùrẹ́là rẹ̀ lọ. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa yìí ló fi ra gàrí náà. Nígbà tí mo dé, ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Akọ̀wé, ẹ mọ̀?" N kò rí èsì fọ̀.

Ó fi oṣù mẹ́jọ san owó ẹgbẹ́ títí dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ó gba owó ìfipamọ́ rẹ̀, ó kúrò. Àwọn mọ́kànlá tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ará ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n wá ń sọ nínú ọjà pé àwa olóyè ti gba rìbá, pé a mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹnu mọ́ kí wọ́n lè gba ìsọ̀ wọn fún ẹlòmíràn. Irọ́ ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo bínú sí àwọn tó ń sọ ọ́ títí tó fi yé mi pé èmi ni mo fún wọn láyè. Ibi tí a bá ti fi àlàfo sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, àhesọ ni yóò kún un. Ọdún méjì la fi kọjá lára ara wa láì kíra. Ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

Níkẹyìn, mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí i. Ó dá a padà láì ṣí i, ó ní akọ̀wé tún ti kọ̀wé dé. Ìgbà náà ni Ìyálọ́jà pè mí, ó ní, "Ìwọ, gbé ẹsẹ̀ ẹ nílẹ̀." Àwa mẹ́ta la lọ sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti to àwíjàre mi jọ láti ilé: ariwo mítìn, ọjọ́ tó ti lọ, àìsí rẹ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ìyálọ́jà já mi léèékánná. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo ní, "Mo mọ̀, n ò sì sọ fún yín. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá náà sunkún. Ó ní, "Ti gàrí tí wọ́n kó, mo ti gbàgbé. Èyí tó dùn mí ni pé ẹ kí mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ béèrè ọmọ mi, ẹ sì mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú mi títí dòní. Ìkíni tó dùn, tí òótọ́ tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò bá tẹ̀ lé e, ọgbẹ́ ló ń dá síni lára.

Kò padà sẹ́gbẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ló padà. Mo fi owó ara mi ra àpò gàrí méjì fún un, ó gba ọ̀kan, ó dá ọ̀kan padà. Lónìí, òun ni aṣojú ìlà àkọ́kọ́. Bí lẹ́tà bá dé, ó máa ń sọ fún mi pé, "Akọ̀wé, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ o." Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín?

Láti ìgbà yẹn ni a ti ní òfin mẹ́ta nínú ìwé mítìn wa. Ìkíní, ọjọ́ àti ìyà tó wà nínú lẹ́tà la ó kọ́kọ́ kà, ní Yorùbá, kí a tó ka nǹkan mìíràn. Ìkejì, aṣojú ìlà kọ̀ọ̀kan yóò lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, yóò sì wá jábọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí "mo rò pé wọ́n ti gbọ́." Ìkẹta, ẹni tí a sọ ọ́ fún yóò tún un sọ padà: "Kí ni mo ní?" Àwọn kan fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé a ti sọ ọjà di kíláàsì ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020, tí ìjọba ní kí ilé-ìtajà máa ṣí ní ọjọ́ kan, kó máa tì ní ọjọ́ kan, òfin mẹ́ta yìí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa gbé ọjà jáde lọ́jọ́ tí kò yẹ.

ONÍBÀÁRÀ KÌ Í ṢE ARÁ ÒPÓPÓNÀ LÁSÁN

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ti òwò. Láti àwọn ọdún 1950 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ni obìnrin ti ń ta oúnjẹ, aṣọ àti èlò ọbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọba Akran, Agídíngbì, Ọ̀gbà, ẹ ò rí ibi tí kò sí wa. Ìwà kan wá wà tí a ń hù: géètì la mọ̀, a kò mọ ènìyàn. Nígbà tí Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà lọ́dún 2008, tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà sì kó lọ, ẹni tó mọ géètì nìkan, géètì ló kù sí i lọ́wọ́. Ẹni tó mọ àwọn òṣìṣẹ́, tó mọ ìyàwó wọn àti àdúgbò wọn, ṣì ń tajà fún wọn níbi tí wọ́n kó lọ.

Mo mọ ìyá kan nínú wa tó ń kó tòmátò àti ata fún ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́. Bí iye bá gòkè ní Mile 12, kì í gbé ẹrù lọ kó tó sọ. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló máa ń pe ẹni tó ń sè: "Ẹ má bínú, apẹ̀rẹ̀ ti wọ́n sí i. Ṣé kí n dín in kù, àbí kí n wá irú mìíràn?" Ó ní ìgbà mìíràn wà tí wọ́n bínú sí i, wọn kò sì fi í sílẹ̀. Ẹlòmíràn wà tó máa ń to èyí tó dára sókè apẹ̀rẹ̀, tó ń kó èyí tó ti ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ó jèrè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀ o, oníbàárà sì ń gbọ́ ọ.

Ẹ rántí ìgbà tí owó wọ́n lọ́dún 2023. Báńkì Àpapọ̀ yí owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Ọjọ́ tí àtijọ́ yóò kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fi sí ìparí oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì. Tuntun kò sí, àtijọ́ kò lọ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí a ṣì máa ná àtijọ́ títí di òpin ọdún. Ní àkókò yẹn, ta ló tajà? Ẹni tó lè wo ojú oníbàárà kó ní, "Gbé e lọ, bí owó bá wọlé kí o san án," tí ó sì mọ̀ pé yóò san. Ìyá kan ní ìlà ẹlẹ́ja kọ orúkọ ènìyàn mẹ́tàdínlógún sínú ìwé. Mẹ́rìndínlógún san án pé. Mo bi í léèrè bó ṣe mọ ẹni tó yẹ kó fún. Ó ní, "Ọjọ́ tí owó pọ̀ ni mo ti ń béèrè ilé wọn." Pelewura lẹ ń gbọ́ yẹn o. Ọjọ́ tí kò sí wàhálà la ń ṣọ̀rẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ wa tó ń dúró tì wá nísọ̀. Ẹni tó ná ọjà kò bú wa. Bó bá dá iye tó kéré, "Kò gbà, ẹ fi kún un" ti tó. "Ẹ lọ rà á níbi tó ti pọ̀" kì í ṣe èsì. Ẹni tí a lé lọ pẹ̀lú ₦500 lónìí, a kò mọ̀ bóyá ilé oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ló ń rajà fún lọ́la. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

BÍ A ṢE Ń LỌ SÍ Ọ́FÍÌSÌ, ÀTI TI FÓÒNÙ

Ìwà wa tẹ́lẹ̀ ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá tì wá ní ìsọ̀ la ń kó ara wa lọ sí ọ́fíìsì, tí a ń sunkún, tí a ń ṣẹ́ èpè. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ wá rí. Ariwo ló kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wa. Nísinsìnyí, bí ọ̀gá tuntun bá dé, àwa márùn-ún á lọ kí i. A kì í gbé owó dání, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Orúkọ olóyè àti nọ́ńbà fóònù wa la ń mú lọ. A ó sọ ọjọ́ mítìn wa, a ó ní kí wọ́n máa bá wa wá. Bí a bá ní ẹ̀sùn, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, wọn yóò lu èyí tó wà lọ́wọ́ wa ní sítáǹpù pé wọ́n ti gbà á. Ẹni kan ni yóò sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á jókòó. Bí a bá sì dé, a ó sọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́, èyí tó dùn àti èyí tó korò.

Ní ti fóònù, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ó sì lè jẹ́ wàhálà. Lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, ẹnìkan fi ohùn ránṣẹ́ ní aago méjìlá òru pé wọ́n ń bọ̀ wá wó ọjà. Àwọn ìyá sáré dìde, wọ́n ń kó ẹrù nínú òkùnkùn. Ọjà ìlú mìíràn ni, ohùn náà sì ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa béèrè kí a tó tari ọ̀rọ̀ síwájú: ta ló sọ ọ́? Ọjọ́ wo? Ọjà wo? Bí kò bá sí èsì, ẹ jẹ́ kó kú sínú fóònù yín. Ọ̀rọ̀ ìjà pẹ̀lú, ẹ má fi fóònù jà á. Lẹ́tà mi kò yanjú ti ìyá onígàrí. Ẹsẹ̀ ló yanjú rẹ̀, àti eékún.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní pẹ́ mọ́, mo ti ń gbóòórùn jọ̀lọ́ọ̀fù. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. A ti ń rìn pọ̀ fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Owó tí a kó jọ ràn wá lọ́wọ́, ó kọ́ ilé, ó san owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí owó bá tán, a lè dá òmíràn. Bí a kò bá gba ara wa gbọ́ mọ́, kò sí ìwé owó tó lè dá a padà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mú àdéhùn kan lọ sílé. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, jẹ́ ẹ pé. Fi ohùn tó dára jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ ẹ pé. Bí o bá mọ ohun tó lè pa ẹnìkejì rẹ lára, má ṣe kí i kí o sì kọjá. Dúró, kí o sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí yunifásítì tí ẹ̀ ń ka lẹ́tà fún wa nílé, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ni akọ̀wé ìyá yín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyálọ́jà tó já mi léèékánná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín tí ẹ kò yọ mí nípò akọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ní ìdí. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, ọjà wa kò ní dàrú, ọ̀rọ̀ wa kò ní di àìgbọ́. Àṣẹ.



Akọ̀wé Ẹgbẹ́